Ta Ni Yóò San Owó Báàtì Tí Òtútù Bá Fọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfepo bọyọ̀. Ẹni tó bá mú báàtì composite tuntun jáde láti fi gbá softball lọ́jọ́ tí òtútù ń ta ènìyàn létí kì í ṣe akin. Owó ló ń fi ṣòfò. Kóòṣì tó sì pàṣẹ pé kó mú un jáde, tí kò pèsè òmíràn fún un, tó tún ní kí òbí lọ ra tuntun nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá là, òun gan-an ló jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tí inú bá bí, kó fara balẹ̀ kà á dé ìparí kó tó dá wa lóhùn.

A mọ̀ pé àwọn kan á béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú softball, eré tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fọwọ́ kàn rí. Ó kàn wá dáadáa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí wà ní Ṣìkágò, ní Detroit, ní Minneapolis, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì ń gbá softball bí àwa náà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì (ẹ̀yin náà mọ̀ pé oyè B.A. Yorùbá kò ní kí ènìyàn má di nọ́ọ̀sì lókè òkun), fi àwòrán báàtì ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Owó báàtì náà lé ní 300 dọ́là. Iṣẹ́ òru ló fi rà á. Oṣù Ẹrẹ́nà, ìgbáradì kẹta, báàtì là gbọọrọ. Ohun tí wọ́n sọ fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni pé báàtì máa ń fọ́, kó tètè lọ ra òmíràn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi wá pé, “Ẹ̀yin àbúrò mi, ṣé báyìí ló yẹ kó rí?”

Rárá, ẹ̀gbọ́n wa. Kò yẹ kó rí báyìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí òtútù ń ṣe fún báàtì àti bọ́ọ̀lù

Báàtì softball òde òní kì í sábà jẹ́ igi mọ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe, tó dà bíi páìpù tí inú rẹ̀ ṣófo. Èkejì ni composite. Fọ́nrán carbon tín-ín-rín ni wọ́n hun pọ̀, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pè ní epoxy lẹ̀ mọ́ra wọn ní ìpele-ìpele. Inú tirẹ̀ náà ṣófo. Ohun tó mú kó gbówó lórí ni pé bí bọ́ọ̀lù bá bà á, ara rẹ̀ á tẹ̀ sínú díẹ̀, á sì ta padà kíá. Títa padà yẹn ló ń ti bọ́ọ̀lù lọ jìnnà.

Ẹ wá rántí ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe fún epo pupa. Epo tó ń ṣàn nínú ìgò lánàá á dì gbagidi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òrí tí a fi ń para á le débi pé èékánná la ó fi máa ha á. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kún un, kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Òtútù nìkan ló yí i padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí epoxy inú báàtì fara jọ ìyẹn. Bí òtútù bá mú un, á gan, kò ní lè tẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ohun tí a sì ń fipá tẹ̀ tí kò lè tẹ̀, àfi kó dá.

Ti bọ́ọ̀lù tún wà níbẹ̀. Wọ́n ń pe eré náà ní softball, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ rọ̀. Kò rọ̀ o. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọbìnrin ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ní yunifásítì jẹ́ ínṣì 12 ní àyíká, ó sì wúwo tó áúnsì 6.25 sí 7. Awọ tàbí ohun tó jọ awọ ló wà lóde rẹ̀, polyurethane ló wà nínú. Bí ẹ bá yí i wò, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì lára ọ̀pọ̀ nínú wọn: .47 àti 375. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń ta padà tó. Èkejì ń sọ bó ṣe le tó, ìyẹn iye pọ́ùn agbára tí ẹ̀rọ máa fi tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kan. Inú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí ìwọ̀n Fahrenheit 72, ìyẹn Celsius 22, ni wọ́n ti ń wọn àwọn nọ́ńbà yìí. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kan náà sínú búùtù ọkọ̀, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá gbé e jáde ní ìwọ̀n Fahrenheit 40. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ti di irọ́. Ó ti le ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ.

Ó wá di pé báàtì tí kò lè tẹ̀ mọ́ ń pàdé bọ́ọ̀lù tó ti le bí ekùrọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà fún èkejì, báàtì ló sì máa ń gbà. Bó bá jẹ́ alumíníọ́mù, ara rẹ̀ á tẹ̀ kòtò bí abọ́ páànù tó já lulẹ̀, ojú á sì rí i. Bó bá jẹ́ composite, ó lè là láti inú, kó má hàn síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ á máa gbá a lọ títí báàtì á fi ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 43 péré ló wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù àti ibi tí wọ́n ti ń gbá a ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì. Àjákù báàtì tó bá fò kò ní í béèrè ọ̀nà kó tó dé ojú ẹni tó ju bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó nìkan là ń tìtorí rẹ̀ pariwo.

Èyí tó wá ń bí wa nínú jù ni pé kò sí èrè kankan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó tutù kì í ta padà dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó tutù sì ki ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ, kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò jìnnà. Báàtì fúnra rẹ̀ ti gan. Àǹfààní tí wọ́n tìtorí rẹ̀ san owó gọbọi ti ṣá, ewu nìkan ló kù. Ta ló ń fi aṣọ òkè wọ inú òjò nítorí kó lè lẹ́wà?

Àwọn tó ń ṣe báàtì mọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kìlọ̀ pé kí a má lo composite nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n Fahrenheit 60 lọ, ìyẹn nǹkan bíi Celsius 15. Àwọn kan ní 65. Ní Ṣìkágò, ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà kì í ju nǹkan bí 48 lọ ní ìpíndọ́gba. Ti oṣù Igbe sún mọ́ 60, ọ̀sán sì nìyẹn o. A kò tíì sọ ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti jáde ní kíláàsì tí wọ́n wá lọ sórí pápá. Oṣù Ẹrẹ́nà yìí kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń bẹ̀rẹ̀ eré níbẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù méjì àkọ́kọ́, báàtì tí wọ́n ní kí òbí rà kò yẹ kó jáde nínú báàgì rárá.

“Eléré gidi kì í bẹ̀rù òtútù”

Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Ó dùn lẹ́tí, ṣùgbọ́n kò ní láárí. Ọmọ náà kò bẹ̀rù òtútù. Ó wọ ibọ̀wọ́, ó wọ fìlà, ó wà lórí pápá. Báàtì ni kò lè wọ ẹ̀wù. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, báàtì náà kò sì lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú ohun tó fi ń ṣe é. Ẹ wo àwọn àyàn wa nílé. Bí ojú ọjọ́ bá tutù tí awọ ìlù dẹ̀, wọ́n á yá a sí oòrùn tàbí kí wọ́n fi ooru iná gbóná rẹ̀ kí wọ́n tó kan ọ̀pá mọ́ ọn. Ẹnìkan kò sọ rí pé ojo ni onílù tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi awọ tó dẹ̀ lọ sóde ìyàwó ni a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó bá sì ń fi òtútù ṣe fọ́nńté nínú softball kò mọ ìtàn eré náà. Ní ọdún 1887, ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe nínú oṣù Bélú, àwọn ọkùnrin kan péjọ sínú ilé ẹgbẹ́ Farragut Boat Club ní Ṣìkágò, wọ́n ń retí àbájáde ìdíje bọ́ọ̀lù àárín Yale àti Harvard. Wọ́n mú ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n so ó pọ̀ di bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá a. George Hancock tó wà láàárín wọn ló ṣètò rẹ̀ di eré, ó sì ṣe òfin fún un. Inú ilé ni wọ́n ti ń gbá a, kí wọ́n lè rí nǹkan ṣe nígbà tí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n gbá baseball níta. Sísá fún òtútù ló bí softball! Ìlú Ṣìkágò kan náà ló bí i. Báwo ni ẹ ṣe wá fẹ́ sọ fún ọmọ tí wọ́n bí sí Ṣìkágò pé bí kò bá fi báàtì rẹ̀ rúbọ sí yìnyín, kì í ṣe eléré gidi?

Ẹ tún wo àwọn tó ga jù nínú eré náà. Oṣù Èrèlè ni softball yunifásítì ní ìpele kìíní NCAA máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé àwọn yunifásítì àríwá ń gbá a nínú yìnyín ni? Wọn kì í gbá a níbẹ̀. Wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Florida, Texas, Arizona àti California, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti yọ́ ni wọ́n ń padà sílé. Ní ọdún 2005, Michigan gba ife-ẹ̀yẹ NCAA, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ láti ìlà-oòrùn odò Mississippi tó gbà á láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982. A kí wọn, wọ́n ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n jókòó sí Ann Arbor ní oṣù Èrèlè kí wọ́n máa fọ́ báàtì. Ẹni tó lówó ń sá tọ ooru lọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ni wọ́n ń pè ní ojo.

Àwọn mìíràn á ní, “Kí la fẹ́ ṣe? Ìgbà tí eré bọ́ sí nìyẹn.” Irọ́ ni. Ènìyàn ló fi í síbẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, tí òtútù tiẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, ìgbà ooru ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ń gbá softball, wọ́n sì ń parí rẹ̀ nínú oṣù Agẹmọ. A kò ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe bíi Iowa, nítorí a mọ̀ pé ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìgbà ooru àti ìrìn-àjò àwọn òbí wà níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó bá yàn láti fi eré sínú òtútù, kó mọ̀ pé òun ló yàn án, kó sì ru ẹrù tó bá a wá.

Ìwòsàn tó burú ju àrùn lọ

Kí a tó pín ẹ̀bi, àwọn eléré náà ní tiwọn láti gbọ́. Àwọn kan gbọ́ pé òtútù kò dára fún báàtì, wọ́n wá gbé e ti ẹ̀rọ amúlégbóná. A ti rí i tí àwọn kan ń dámọ̀ràn pé kí wọ́n ki bọ́ọ̀lù sínú microwave. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun! Epoxy tí òtútù ń bà jẹ́, ooru àpọ̀jù ń bà á jẹ́ bákan náà. Bí ooru bá pọ̀, gọ́ọ̀mù tó so fọ́nrán pọ̀ á dẹ̀, ìpele á ṣí kúrò lára ìpele. Inú bọ́ọ̀lù náà kì í gbóná dọ́gba. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ohun tó yẹ kò le. Kí báàtì àti bọ́ọ̀lù sùn sínú ilé, ní ibi tí ènìyàn ń sùn, kì í ṣe inú búùtù ọkọ̀ tàbí gárééjì. Kí wọ́n bá ènìyàn jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí pápá. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí báàtì wà nínú báàgì tó nípọn tàbí kí wọ́n fi kúbùsù wé e, kó má jáde títí ìgbà tó bá kan ẹni tó ni ín. Kúlà tí a fi ń gbé omi tútù lè gbé ooru náà: ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ yí i, ẹ tò bọ́ọ̀lù tì í, ẹ pa kúlà dé. Ẹ máa pààrọ̀ bọ́ọ̀lù láàárín eré, kí ẹyọ kan má wà níta títí á fi dì. Bọ́ọ̀lù tí omi yìnyín bá ti rin, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àpò agbóoru-sí-báàtì tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ka òfin ẹgbẹ́ tí ẹ ń gbá eré lábẹ́ rẹ̀. Òfin wọn kò dọ́gba lórí mímú báàtì gbóná, kò sì sí ohun tó dunni tó kí rẹfirí gba báàtì tí ẹ̀ ń tọ́jú lọ́wọ́ yín nítorí ẹ kò ka ìwé.

Ọ̀rọ̀ tó ju gbogbo wọn lọ ni ti báàtì fúnra rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju 60, ẹ lo alumíníọ́mù. Báàtì composite tuntun nílò kí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbá, ó tó 150 sí 200, tí kò le jù mú un mọ́ra kó tó ṣetán fún ìdíje. Inú gbọ̀ngàn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, bọ́ọ̀lù gidi ni kí ẹ sì lò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù líle oníhò-wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ń jù. Lẹ́yìn ìgbá kọ̀ọ̀kan, ẹ yí báàtì díẹ̀ lọ́wọ́, kí ojú kan náà má máa jẹ ìyà. Ẹ má fi gbọn ẹrẹ̀ lára bàtà. Ẹ má yá gbogbo ẹgbẹ́. Ọmọ méjìlá tó bá ń gbá báàtì kan nínú òtútù, báàtì náà kò ní dàgbà. Ẹ máa fetí sí i. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tó ń dún bí ìkòkò tó sán, tàbí tí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ẹ gbé e kalẹ̀. Báàtì tó ti là kò bófin eré mu, ó sì lè ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ẹni tó bá gbé ooru síwájú ló máa gbá bọ́ọ̀lù dópin.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé

A ti sọ ti eléré. Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ẹni tó yẹ kó sanwó.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn tó ń ṣe báàtì ni ká dá lẹ́bi, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ta ohun tí kò lálòpẹ́, kí a lè máa rà léraléra. Ó lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Oníṣòwò kì í kórìíra oníbàárà tó ń padà wá. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó kọ ìkìlọ̀ sí i ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó ka ìkìlọ̀, tó tún pàṣẹ pé kí ọmọ ṣe òdìkejì rẹ̀, òun ni ká kọjú sí. Kóòṣì ló ń mú ọjọ́ ìgbáradì. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fọwọ́ sí àtòjọ ìdíje. Wọ́n mọ bí oṣù Ẹrẹ́nà ṣe ń rí, torí ọdọọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè sọ fún kóòṣì pé òun kò ní mú báàtì òun jáde. Bó bá sọ ọ́, á rí i pé orí bẹ́ńṣì ni òun ó ti máa wo eré. Ẹni tó lágbára láti pàṣẹ kò gbọdọ̀ ní kí ẹni tí kò lágbára san owó ohun tí àṣẹ náà bà jẹ́.

Iye tí à ń sọ kò pọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Owó báàtì composite kan tó gbajúmọ̀ lè ra alumíníọ́mù tó dára méjì tàbí mẹ́ta. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ra mẹ́rin, ní gígùn oríṣiríṣi, tó kọ “ti òtútù” sí wọn lára, tó sì tò wọ́n sínú àpótí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òbí tó bá fẹ́ ra composite fún ìgbà ooru, kó rà á. Òbí tí kò bá lówó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní jókòó sílé. Kúlà bọ́ọ̀lù náà, ẹgbẹ́ tó gba àlejò ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀, nítorí òun ló wà nítòsí ilé.

Ohun mìíràn tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Láti ọdún 1972 ni òfin Title IX ti wà ní Amẹ́ríkà, tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ má ṣe ya obìnrin sọ́tọ̀. Nínú ìlànà rẹ̀ lórí eré ìdárayá, ohun èlò wà níbẹ̀, àkókò ìdíje àti ti ìgbáradì náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọkùnrin onibaseball ti ń gbára dì nínú gbọ̀ngàn ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí àwọn ọmọbìnrin ń gbọ̀n lórí pápá, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ra báàtì fún àwọn ọmọkùnrin, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin mú tiwọn wá láti ilé, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Àwa ọmọ Yorùbá máa ń rò pé ìbéèrè lọ́wọ́ olùkọ́ jẹ́ àfojúdi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kí i tán, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó bá wù yín, kí ẹ sì tún béèrè.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi kóòṣì kí ẹ tó na kọ́bọ̀. Ìwọ̀n òtútù wo ni ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n lo composite mọ́? Mélòó ni báàtì alumíníọ́mù tí ilé-ẹ̀kọ́ ní fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Bí ti ọmọ mi bá là lábẹ́ àṣẹ yín ní ọjọ́ tí kò yẹ, ta ni yóò san án? Kóòṣì tó mọṣẹ́ á dáhùn kó tó mí kanlẹ̀. Èyí tó bá ń kólòlò, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ sì bá àwọn òbí yòókù sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń fojú di, wọn kì í fojú di ogún òbí. Ẹ ka ìwé ìdánilójú tó bá báàtì wá, ẹ wo ohun tó sọ nípa òtútù, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ á tọ́jú báàtì, á gbé e sùn nínú ilé, á fi aṣọ wé e, á sì mọ ìgbà tí kò yẹ kó jáde. Àgbà á ra ti òtútù sílẹ̀, á sì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká wọlé.” Bí ọmọ bá ṣe tirẹ̀ tí àgbà kò ṣe tirẹ̀, kí àgbà mú owó wá. Ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá ní èsì, ààyè wà nísàlẹ̀.